Bí A Ṣe Ń Ṣe Ìwádìí Oyè Ọ̀mọ̀wé Lórí Ẹ̀rọ Aṣèrànwọ́ fún Àwọn Tó Ní Ọ́tísíìmù

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ìwádìí yìí ní yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má tíì ronú nípa áàpù. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn òbí, àwọn olùkọ́, àti àwọn àgbàlagbà tó ní ọ́tísíìmù fúnra wọn, ìyẹn àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀, tó sì ń kan ọ̀rọ̀ sísọ àti àjọṣe wọn pẹ̀lú èèyàn. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó ń ni wọ́n lára jù láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọ kan lè má sọ̀rọ̀ rárá. Òmíràn a máa sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ariwo jẹnẹrétọ̀ lè máa dà á láàmú. Ẹ̀rọ kan ò lè yanjú méjèèjì. Ìṣòro kan péré ni kẹ́ ẹ mú.

Ká ní ti ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ mú. Ẹ ka ohun tí àwọn èèyàn ti ṣe. Láti 1985 ni ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní PECS ti wà, níbi tí ọmọ ti ń fi káàdì alákàwòrán béèrè ohun tó fẹ́. Cboard jẹ́ áàpù ọ̀fẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ jáde bí wọ́n bá tẹ àwòrán. Ilé iṣẹ́ ARASAAC ní Sípéènì náà ń fúnni ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Iṣẹ́ yín gan-an ni bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò ṣe bá ilé Yorùbá mu. Ọmọ tó ń fẹ́ àmàlà lè má rí i láàárín àwòrán oúnjẹ òyìnbó, nítorí náà ẹ ya fọ́tò abọ́ oúnjẹ tirẹ̀. Ohùn kọ̀ǹpútà lè ṣi àmì ohùn wa pè. Ẹ gba ohùn èèyàn sílẹ̀, ì báà jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n ọmọ náà. Kí ẹ̀rọ má sì sọ “fún mi lómi” sí ìyá àgbà. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi” ni kó sọ. Ó tún gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kẹ́ ẹ tó dán an wò, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwádìí. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 kan fọ́tò àti fídíò àwọn ọmọ wọ̀nyí. Òbí ni yóò fọwọ́ sí ìwé, àmọ́ bí ọmọ bá ń ti ẹ̀rọ náà dànù, ó ti kọ̀ nìyẹn. Ẹ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà.

Ọmọ díẹ̀ tó. Ẹ ka iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè nǹkan fúnra rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé, kẹ́ ẹ tún kà á lẹ́yìn náà. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà: bí àyípadà bá ń dé kìkì ìgbà tí ẹ̀rọ bá dé ọ̀dọ̀ oníkálukú, a mọ̀ pé ẹ̀rọ ló fà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi wíwo èèyàn lójú ṣe òṣùwọ̀n àṣeyọrí. Nílẹ̀ wa níbí, ọmọ tó ń wo àgbà lójú kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ là ń bá wí, kí ló wá dé tí a ó máa fi dá ọmọ yìí nìkan lóró?

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fi owó tí ẹ ó fi ra fóònù fún ọmọ sínú ètò ìnáwó, torí pé ẹ kò gbọ́dọ̀ gba ohun tí ọmọ fi ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ìwádìí bá parí. Kẹ́ ẹ sì kọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán àti ohùn tuntun sí i.