Ẹ Yọ Tilé Kẹ́ Ẹ Tó Gbé E Lọ Ọjà

Ní ìdájí ọjọ́ ọjà, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Òdèdá á ti kún fún tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú. Ẹni tó jókòó níwájú á gbé kéréètì ẹyin lé itan. Nígbà tí ọkọ̀ kan náà bá ń padà nírọ̀lẹ́, búrẹ́dì, núdùlù, ẹlẹ́rìndòdò àti páálí magí ló máa wà nínú àpò àwọn ìyá wa. Àwa tí à ń ta ẹ̀fọ́ fún gbogbo Abẹ́òkúta, ọbẹ̀ ata lásán la fi ń jẹ láfún nílé.

Ìwé yìí kò ní kẹ́ ẹ má tajà o. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kò ní ti ojú ọ̀run wá. Ohun tá a fẹ́ ni pé kẹ́ ẹ yọ ìpín ilé kẹ́ ẹ tó di ẹrù, kì í ṣe kẹ́ ẹ máa jẹ èyí tí ọjà bá kọ̀.

Agbọ̀n tilé

Ẹ wá agbọ̀n kan tí kò gbọ́dọ̀ dé ọjà láé. Bẹ́ ẹ bá ká ìdì ẹ̀fọ́ 10, ẹ ju 2 sínú rẹ̀. Nínú ẹyin kéréètì kan, ẹ yọ 6. Tó bá jẹ́ ìgbà ọsàn, ìbẹ́pẹ tàbí máńgòrò, ẹ sọ tiwọn náà síbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó yẹ kí àgbàlagbà kan jẹ ẹ̀fọ́ àti èso tó gíráàmù 400, ó kéré tán, lójúmọ́. Iṣu àti gbáàgúdá kò sí nínú ìṣirò yẹn, bó ti wù kí wọ́n pọ̀ tó lóko. Ìdílé tí kò bá yọ nǹkan sọ́tọ̀ láti oko kò lè fi owó ọjà bá a.

Ọ̀rọ̀ ẹyin yìí gba kí n dúró díẹ̀. Wọ́n máa ń sọ nígbà èwe wa pé ọmọ tí wọ́n bá fún ní ẹyin á di olè. Ohun kan ṣoṣo tí èmi jí lọ́mọdé ni ẹyin, nítorí pé wọn ò fún mi ni. Ọmọ tó ń dàgbà ló nílò ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà jù nínú ilé, òun àti aboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú. Àmọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń pín ọbẹ̀, bàbá ló ń gba orí ẹja àti ẹran ńlá méjì, ọmọ ọdún mẹ́rin á sì máa fi omi ọbẹ̀ gbé òkèlè mì. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Kí ìyá ilé bu ti àwọn ọmọ kó tó gbé tiyín wá. Ọ̀wọ̀ yín kò ní dín kù.

Láfún ńkọ́?

A kì í fi láfún ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dọ̀ Ẹ̀gbá, ìwé yìí náà kò sì ní bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n ebi nìkan ni gbáàgúdá ń lé. Ohun tó ń mọ ẹran ara kéré gan-an nínú rẹ̀, inú ọbẹ̀ lèyíinì ti ń wá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ pọ̀ ju òkèlè lọ. Ẹni tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní Pánṣẹ́kẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, òkèlè tó tó ìkúùkù ọwọ́ rẹ̀ ti tó o. Ẹni tó kọ ebè títí oòrùn fi kanrí lè bù kún un.

Ẹ fi gbègìrì ti ewédú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀wà ni gbègìrì, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ẹran fún ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ẹran. Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kuru náà bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbin gbáàgúdá tuntun, ẹ béèrè igi èyí tí inú rẹ̀ pọ́n bíi pupa inú ẹyin adìyẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ àdúgbò yín. Ó ti jáde ní Nàìjíríà láti 2011, ó ní fítámì A tó dára fún ojú, gààrí rẹ̀ sì ń pọ́n láìsí epo.

Ìrẹsì ọ̀fadà tiwa dára ju ìrẹsì funfun lọ, nítorí pé wọn kì í bó o kanlẹ̀, èèpo inú rẹ̀ á jẹ́ kó pẹ́ nínú ẹni. Ọbẹ̀ rẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Epo pupa tá a bá gbé kaná títí tó fi di funfun ti pàdánù fítámì A rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbóná níwọ̀nba. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kì í ṣe ọbẹ̀ ọ̀fadà mọ́. Kí wọ́n máa se é bẹ́ẹ̀ fún ọdún àti ìgbéyàwó.

Irú kan náà ni ẹ̀fọ́ tá a bọ̀ tí a fún omi rẹ̀ dànù. Ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó rẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ dà á sínú ọbẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kẹ́ ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀. Ewúro nìkan ló yẹ ní bíbọ̀.

Iyọ̀ àti ṣúgà

Iyọ̀ tí àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan. Magí wà nínú ìṣirò yẹn. Káún tá a ń sọ sí ewédú náà ní sódíọ̀mù tó wà nínú iyọ̀. Ìjábẹ̀ tó dára kò nílò káún rárá. Irú wòròwòrò á mú ọbẹ̀ ta sánsán, kẹ́ ẹ fi rọ́pò ìdajì magí ná, ahọ́n ilé á kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ní ti ẹlẹ́rìndòdò, ẹ kọ́ ọmọ tó ti mọ̀wé láti ka ẹ̀gbẹ́ ìgò. Bí wọ́n bá kọ ṣúgà 10g sí 100ml, ìgò 50cl jẹ́ 50g. Ṣúgà ṣíbí tíì kan tó bíi 4g, ẹ fi 4 pín in: ṣíbí tíì 12 àti ààbọ̀. Ẹ wá ní kó wọn ṣúgà bẹ́ẹ̀ sínú ife níwájú gbogbo ilé. N kò tíì rí ìwàásù tó ṣiṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ara tí kò jókòó

Àgbẹ̀ á máa fi wá rẹ́rìn-ín: ta ló ń sọ fún ẹni tó ti ro oko láti àárọ̀ pé kó ṣe eré ìdárayá? Kò burú, ẹ̀yin ti ṣe tiyín. Ṣùgbọ́n ìyàwó yín jókòó ti adìrẹ ní Ìtòkú, ẹ̀gbọ́n ọmọ wà lórí ọ̀kadà, àbúrò sì wà lórí fóònù. Àgbàlagbà nílò ìrìn kánmọ́kánmọ́ tó ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀, ìyẹn 30 lọ́jọ́ márùn-ún. Ọmọ ọdún 5 sí 17 nílò 60 lójoojúmọ́. Ìrìn tó yẹ ni èyí tí ẹ fi lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí ẹ kò lè kọrin.

Ìlú wa fi òkúta ṣe ìpìlẹ̀, kò sí àdúgbò tí kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ má gun ọ̀kadà fún ibi tí ẹsẹ̀ lè dé. Ní ọjọ́ ìsinmi, ẹ kó àwọn ọmọ lọ Olúmọ, kẹ́ ẹ gba àtẹ̀gùn. Ní àgbàlá, okùn fífò àti tẹ́ń-tẹ́ń tó. Kí ìyá bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe tẹ́ń-tẹ́ń ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, á mọ̀ bóyá eré ọmọdé ni.

Ẹni tí kò lóko

Bí àgbàlá yín bá jẹ́ àpáta, ẹ gbìn sínú àpò ìrẹsì. Ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ pò ilẹ̀ dúdú pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa. Hóró tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀, ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn. Bí ọ̀sẹ̀ 4, ẹ ó ti máa ká a. Hóró ti ewédú máa ń sùn, kì í tètè hù, ẹ dì í sínú aṣọ, kẹ́ ẹ rì í bọ omi gbígbóná bí ìṣẹ́jú àáyá 10, kẹ́ ẹ sá a níbòòji kẹ́ ẹ tó gbìn ín. Ẹ má ṣe lo kẹ́ẹ̀gì tí oògùn apakòkòrò ti gbé rí, bẹ́ ẹ tilẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje.

Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé ó ti ń jẹ ẹ̀fọ́. Kó sọ fún dókítà pé oúnjẹ òun ti yí padà. Ẹni tí kò sì tíì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí, kó lọ sí ilé ìlera ìjọba tó sún mọ́ ọn. Ẹ jókòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, pàápàá bẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ rìn wá. Bó bá tó 140/90, ẹ padà lọ lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n tún un wọ̀n.