Bí A Ṣe Ń Yẹ Géèjì Epo àti Géèjì Ooru Ọkọ̀ Wò Nílé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti onílé ní Òṣogbo tí ẹ ń fi ọkọ̀ ara yín kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ láti ọ̀nà Ìkìrun tàbí Ìrágbìjí wọ ọjà Ìgbóná ni a kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Bí ọwọ́ géèjì bá dákẹ́, kì í sábà jẹ́ géèjì inú dáṣíbọ́ọ̀dù gan-an ló bàjẹ́, nítorí náà, ẹ má náwó ra òmíràn kí ẹ tó yẹ fíùsì, wáyà àti fùlótà inú táǹkì wò.

Bí gbogbo géèjì bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, fíùsì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ wò. Bí okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ bá ti já, ẹ fi èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá a dọ́gba rọ́pò rẹ̀, 10 fún 10. Ẹ má fi wáyà lásán dí ojú rẹ̀ láé, nítorí ibẹ̀ ni iná ti máa ń ràn mọ́ ọkọ̀.

Bí ó bá jẹ́ géèjì epo nìkan, ọ̀rọ̀ di ti fùlótà. Inú táǹkì ló wà, ó ń léfòó lórí epo, bí ó sì ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ ni iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ń yí padà, èyí tí géèjì ń kà fún yín. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, abẹ́ àga ẹ̀yìn ni ẹ ó ti rí ìdérí rẹ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ gbé ọkọ̀ sí, kí sìgá, ààrò àti jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí i. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ plọ́ọ̀gì orí táǹkì láìṣí táǹkì fúnra rẹ̀, kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́ títí iná dáṣíbọ́ọ̀dù yóò fi tàn, kí ẹ sì wo ibi tí ọwọ́ géèjì dúró sí. Ẹ tún pa á, ẹ fi wáyà so ojú géèjì nínú plọ́ọ̀gì náà mọ́ irin ara ọkọ̀, kí ẹ sì yí kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré. Bí ọwọ́ náà bá sáré lọ sí òpin kejì, géèjì àti wáyà yè, fùlótà tàbí wáyà tó so ó mọ́ ara ọkọ̀ ló ní àìsàn. Wáyà púm̀pù tó ń fa epo láti inú táǹkì náà wà nínú plọ́ọ̀gì yẹn. Bí ẹ kò bá lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, tàbí tí géèjì yín bá ń gba ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ọkọ̀, rìwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ni kí ẹ pè.

Kí ẹ tó dá fùlótà lẹ́bi, ẹ wo ẹ́ẹ̀tì rẹ̀, níbi tí wáyà ti so mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ibẹ̀, kí ẹ fi sáńpépà ha ìpẹtà náà títí irin yóò fi dán. Iṣẹ́ kékeré yìí ti dá ọ̀pọ̀ géèjì padà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò ó.

Bí ó bá kan fùlótà, ẹ tú orí bátìrì ti negative kí ẹ tó ṣí táǹkì. Ẹ mi fùlótà náà létí yín: bí epo bá ń ró nínú rẹ̀, ó ti lu, kò sì lè léfòó mọ́. Ẹ fi mítà iná wọn ohms rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe ń dènà iná tó, bí ẹ ti ń gbé apá rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ń já lójijì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà ìdérí.

Ní ti géèjì ooru, ìdánwò kan náà ló bá sẹ́ńsọ̀ oníwáyà kan tó wà lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́. Ẹ má wa ọkọ̀ tí géèjì ooru rẹ̀ kú gòkè Ìrágbìjí pẹ̀lú ẹrù, nítorí top gasket, ìyẹn ohun tó dí àárín orí àti ara ẹ́ńjìnnì, lè jóná kí ẹ tó mọ̀.

Títí ẹ ó fi tún géèjì epo ṣe, ẹ rọ epo kún táǹkì, kí ẹ kọ kìlómítà sílẹ̀, kí ẹ sì tún un rọ kí ó tó lọ sílẹ̀ jù, torí epo yẹn náà ló ń mú kí púm̀pù inú táǹkì tutù.