Kí Ẹ Tó Ra Sítíímà Oníná: Ẹ Yí I Dojú Dé, Kí Ẹ Ka Wáàtì Rẹ̀

Ìwé yìí wà fún agbo ilé, pàápàá ẹ̀yin ìyá ọlọ́lẹ̀lẹ̀ tó fẹ́ fi owó àjẹṣẹ́kù ra sítíímà oníná, ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi híhó se oúnjẹ. A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀wà tàbí bí wọ́n ṣe ń po ó. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni pé ẹ̀rọ yìí ti di ẹrù orí kọ́bọ́ọ̀dù nínú ọ̀pọ̀ ilé, gbèsè rẹ̀ sì wà nílẹ̀ síbẹ̀. Àṣìṣe kan náà là ń bá pàdé níbi gbogbo: wọ́n ka iye abọ́ tó wà lórí rẹ̀, wọn ò ka wáàtì (agbára iná tó ń fà) tó wà ní ìdí rẹ̀.

Ẹ yí ẹ̀rọ náà dojú dé kí ẹ tó sanwó. Ẹ máa rí i níbẹ̀: 220–240V, lẹ́yìn náà 800W, 900W tàbí 1000W. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yẹn gan-an lẹ ń rà. Abọ́ onihò mẹ́ta tí wọ́n tò léra kò se nǹkan kan. Iná tó ń hó omi ní ìsàlẹ̀ ló ń sè é. Bí olùtajà bá ní kò pọn dandan, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

IRÚ INÁ WO LẸ NÍ?

Bí ilé yín bá wà ní Band A (ọ̀kan nínú ìpele márùn-ún tí iléeṣẹ́ iná pín ilé sí), tí wọ́n ní iná kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 20 lóòjọ́, ẹ lè máa ka ìwé yìí lọ. Band B jẹ́ wákàtí 16, C jẹ́ 12, D jẹ́ 8, E jẹ́ 4. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní D àti E, kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín bóyá òru ni wákàtí yín máa bọ́ sí. Ta ló fẹ́ dìde se èkuru ní aago méjì òru?

Ìṣirò owó rẹ̀ kò le. Sítíímà 900W tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan máa jẹ 0.9 yúníìtì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé yúníìtì Band A sí ₦225. Ní oṣù keje ọdún yẹn, ó di ₦209.5. Tí a bá fi ti oṣù keje ṣe é, ìsè kan á jẹ́ ₦188.55. Ẹ fi iye tó wà lórí rísíìtì tí ẹ fi ra iná kẹ́yìn rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò ti gáàsì. Ẹ gbé sílíńdà sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ kaná, ẹ tún gbé e síbẹ̀ nígbà tó bá jinná. Bó bá fi gíráàmù 150 dín, tí kílò kan sì jẹ́ ₦1,200 ládùúgbò yín, ₦180 lẹ ná. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó bá sọ fún yín pé sítíímà máa dín owó ìdáná yín kù sí ìdajì kò tíì wọn gáàsì rẹ̀ rí.

INÁ TÓ Ń ṢE BÀÌBÀÌ

Ibí ni ọ̀lẹ̀lẹ̀ ti ń bàjẹ́ jù. Iná máa wà, àmọ́ gílóòbù á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, fáànù á máa yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí fóltéèjì bá já láti 230 wá sí 160, sítíímà 900W yín ti di ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ lé díẹ̀ ní 430W. Kò tó ìdajì. Ṣùgbọ́n agogo tí ẹ yí sí ìṣẹ́jú 60 kò mọ èyí. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò dúró. Bí wọ́n bá mú iná lọ pátápátá, agogo ọlọ́wọ́ yìí á ṣì máa kà, á sì dún bí ìgbà tí nǹkan jinná. Ìyá á kó o sínú kúlà, á gbé e lọ sí ìsọ̀, ọ̀sán ò sì ní í pọ́n kó tó kan.

Ẹ má gbọ́ ti agogo. Ẹ ki igi ìgbálẹ̀ tuntun tó mọ́ bọ àárín èyí tó tóbi jù: tí ó bá jáde láìsí àpòpọ̀ lára, ó jinná. Bí iná bá lọ tí kò dé láàárín ìṣẹ́jú 20, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sórí gáàsì tàbí èédú lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀wà lílọ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ dúró de NEPA.

JẸNẸRÉTỌ̀ ÀTI ÍŃFÁTÀ

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, 650W ló lè gbé pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Sítíímà 900W máa pa á. A ti sọ ọ́ títí, ẹ ṣì ń ṣe é. Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ńlá ńkọ́? Owó epo tí ẹ máa jó fún wákàtí kan ju owó gáàsì tí ẹ ń sá fún lọ.

Íńfátà náà ní òfin tirẹ̀. Bátìrì olómi 12V, 100Ah, kò ju 1,200 wáàtì fún wákàtí kan lọ tó bá kún, ìdajì rẹ̀ péré ló sì yẹ kí ẹ fà, ìyẹn 600. Ìsè kan ń fẹ́ 900. Bátìrì tí ẹ fi owó ọ̀pọ̀ oṣù rà lẹ ó fi se iṣu.

FÚN ỌLỌ́LẸ̀LẸ̀

Wọ́n kọ lítà 9 sára páálí. Abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ṣírò pọ̀ dé etí, ọ̀lẹ̀lẹ̀ kì í sì í wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ fi àyè ìka kan sílẹ̀ láàárín ike kan sí èkejì kí ooru lè gòkè. Tó bá di ìṣẹ́jú 30, ẹ gbé abọ́ òkè wá sísàlẹ̀, kí ti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Lítà omi kan ò lè pẹ́ ju wákàtí kan lọ, nítorí náà ẹ bu omi gbígbóná sí i ní ìṣẹ́jú 35. Omi tútù máa pa ooru rẹ̀. Ẹni tó ń lọ kóńgò ẹ̀wà márùn-ún láàárọ̀ máa sè é ní ìpele-ìpele, àwọn ọmọ iléèwé á sì ti kọjá lọ kí gbogbo rẹ̀ tó jinná. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ti yín. Ìkòkò ńlá, omi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 4, igi ewé eéran tí ẹ tẹ́ sí ìdí rẹ̀ kí oúnjẹ má kan omi, ìdérí tó le dáadáa: kò sí gbèsè nínú ìyẹn. (Bó bá jẹ́ inú ọ̀rá lẹ ṣì ń di ọ̀lẹ̀lẹ̀ sí, sítíímà kọ́ ni ìṣòro yín. Ẹ padà sí ewé ná.)

ẸNI TÓ YẸ KÓ RÀ Á

Ilé ènìyàn méjì sí mẹ́rin, tí iná wọn dúró, tí àgbàlagbà tàbí ọmọdé inú rẹ̀ ń fẹ́ oúnjẹ rírọ̀ tí kò lépo. Ẹja tútù tí ẹ gé, ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, 5 sí 8. Ànàmọ́ àti iṣu tí ẹ gé ní sẹ̀ǹtímítà 2, 25 sí 30. Ẹ̀wà gbígbẹ àti àgbàdo gbígbẹ, rárá. Ẹ má fi gbágùúdá tó korò sí i, torí ooru kò fọ oró rẹ̀ kúrò bí omi rírẹ ṣe ń ṣe.

Omi kànga agbègbè Ewékorò àti Ṣàgámù, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ńtì, máa ń fi èépá funfun sílẹ̀ sára irin agbóná. Láti fọ̀ ọ́ kúrò, ẹ da ife fínígà kan pọ̀ mọ́ ife omi méjì, kí ó wà nínú ẹ̀rọ náà fún ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù.

TÒKUNBỌ̀

Èyí tó ti London wá ń lo 230V bíi tiwa. Ẹ yẹ wáyà rẹ̀ wò, ẹ tàn án lójú olùtajà títí omi fi hó. Ti Amẹ́ríkà ń lo 120V. Bí ẹ bá so ó mọ́ iná tiwa tààrà, agbára tó máa fà máa ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, á sì jó kí ẹ tó dé ìdí súwíìṣì. Tiránsífọ́mà tó lè gbé e gbọ́dọ̀ tó 1,500W, ó wúwo, owó rẹ̀ sì lè ju ti sítíímà fúnra rẹ̀ lọ. Bí ọmọ yín ní Houston bá ní òun fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́, ẹ ní kó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́.