Bí Mo Ṣe Yanjú Ojú Tó Ń Fẹ̀ Lórí Tábúlẹ́ẹ̀tì Ìyàwòrán

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí mo ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà yàwòrán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo tábúlẹ́ẹ̀tì tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n gbogbo orí ènìyàn tí mo bá yà ló ń fẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ọwọ́ ara mi ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Nígbà tó yá, mo gbé ìdérí agolo lé tábúlẹ́ẹ̀tì náà, mo fi kálàmù rẹ̀ tọ etí ìdérí náà yípo, ohun tí mo sì rí lójú kọ̀ǹpútà dà bí ẹyin tó dùbúlẹ̀.

Ìwọ̀n tí kò bára mu ló fà á. Tábúlẹ́ẹ̀tì mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 24 ní ìbú àti 15 ní òró, nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà jẹ́ píksẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró, èyí ló ń mú kí àwòrán nà sí ẹ̀gbẹ́ ní nǹkan bí ìdá 11 nínú 100. Mo ṣí ètò tó ń darí tábúlẹ́ẹ̀tì, mo sì yan ibi tó ní kí ìwọ̀n méjèèjì bára dọ́gba. Sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ nísàlẹ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, n kò sì ka ìyẹn sí àdánù. Mo tún tọ ìdérí náà yípo, ó sì róbótó.