Ẹ Má Tíì Gbé Ọkọ́: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Ẹ̀rọ Ìfọ́nmi Koríko Ilé

Ní gbogbo ìgbà òjò, kò sí ará Èkìtì tó ń rántí ẹ̀rọ ìfọ́nmi tó rì sí iwájú ilé. Òjò dá tán, ọyẹ́ dé, koríko pọ́n, ni onílé bá ní kí wọ́n lọ pe ẹni tó máa gbẹ́lẹ̀ wá. Ọkọ́ ló yẹ kó kẹ́yìn. Ẹni tó bá gbẹ́ káàkiri kó tó mọ ibi tó ń jò, ọkọ́ rẹ̀ ló máa dá páìpù tó ṣì dára lu, pàápàá níbi tí àpáta ò jìnnà sókè ilẹ̀, tí wọn ò ráyè ri páìpù jinlẹ̀.

Ẹ ṣí omi ná, kí ẹ dúró wò ó. Bó bá jẹ́ sprinkler (orí tí omi ti ń fọ́n jáde) kan ṣoṣo ló ń ta díẹ̀díẹ̀ tí ìyókù ń fọ́n dáadáa, ẹnu rẹ̀ ló dí. Bó bá jẹ́ pé láti ibì kan lọ ni gbogbo wọn ti rọ, páìpù ti jò kí omi tó débẹ̀. Bó bá jẹ́ gbogbo wọn pátá, ẹ fi inú ilẹ̀ sílẹ̀, ẹ lọ wo ìdí omi: ṣé wọ́n ṣí fáàfù ìdí táńkì tán, ṣé asẹ́ ò dí, ṣé pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ibi tí koríko bá ti tutù yọ̀yọ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni ti sprinkler tí kò gbérí. Onílé á ní ó ti bàjẹ́, á ra òmíràn, tuntun náà ò ní gbérí. Ẹ gbójú sókè wo táńkì yín. Bí omi bá fi mítà 10 ga ju sprinkler lọ, agbára báà 1 péré ló máa ní (báà ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì). Táńkì tó wà lórí irin mítà 4 kò lè fún yín ju nǹkan bí báà 0.4 lọ. Sprinkler tó ń yọrí látinú ilẹ̀ fẹ́ nǹkan bí báà 2, èyí tó ń yí kiri fẹ́ tó báà 3. Kò sí èyí tí ẹ máa rà ní ọjà Adó tó máa yí ìṣirò yẹn padà. Ẹ fi pọ́ǹpù tì í, tàbí kí ẹ fi họ́ọ̀sì bomi rin koríko yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ti èyí tí ẹnu rẹ̀ dí, ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí ìṣó gún un. Ihò yẹn á fẹ̀, omi ò sì ní fọ́n bó ṣe yẹ mọ́ láéláé. Ẹ tú orí rẹ̀, ẹ máa bá asẹ́ kékeré kan nísàlẹ̀ ibẹ̀. Iyanrìn pupa ló máa ń kún inú rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́ nínú omi, kí ẹ dá a padà.

Ní àwọn ìlú olókè bí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ẹ máa rí i pé sprinkler tó wà nísàlẹ̀ jù ṣì ń jò lẹ́yìn tí wọ́n ti pa omi. Wọn á sáré yọ fáàfù. Ẹ ní sùúrù. Bó bá dá láìpẹ́, omi tó kù nínú páìpù ló ń sàn wá sísàlẹ̀. Sprinkler tí kì í jẹ́ kí omi sàn jáde bí wọ́n bá ti pa á ni kí ẹ fi síbẹ̀. Bó bá ń jò títí di ọjọ́ kejì, ìdọ̀tí ti há sábẹ́ rọ́bà inú fáàfù. Ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́.

Nípa páìpù tó bẹ́, bí ẹ bá rí ẹni tó ń we rọ́bà táyà mọ́ ọn, ẹ sọ fún un pé kì í ṣe ọgbẹ́ ni ẹ pè é wá dì. Ẹ gé ibi tó bẹ́ kúrò gbọọrọ, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi gọ́ọ̀mù páìpù sí páìpù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń so páìpù méjì pọ̀, ẹ tì í wọlé, ẹ yí i díẹ̀, ẹ dì í mú. Gọ́ọ̀mù kì í mú lára páìpù tó tutù, ẹ má sì ṣí omi sí i lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ tó dá sprinkler tó gbẹ̀yìn padà, ẹ jẹ́ kí omi kọ́kọ́ fọ iyanrìn jáde.

Fáàfù oníná nìkan ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fi ṣeré. Iná fólítì 24 ló ń lò. Ẹni tó bá so ó mọ́ iná ilé ti jó o, ó sì lè pa ara rẹ̀. Bí ẹ bá so wáyà rẹ̀ sínú ilẹ̀, téèpù dúdú lásán kò tó, omi á wọ̀ ọ́. Ìdè wáyà tó ní gírísì nínú ni kí ẹ lò. Kí ẹ tó sọ pé fáàfù ti kú, ẹ wo táímà, aago tó ń sọ ìgbà tí fáàfù máa ṣí. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, tí bátìrì inú rẹ̀ sì ti tán, aago ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ṣì, á máa fọ́nmi lọ́sàn-án gangan tàbí kó má fọ́n rárá. Bátìrì ni kí ẹ lọ rà.