Ọ̀rọ̀ kan tó gbowó ìwé lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì

Ìwé 150 ni mo tẹ̀ fún ìrántí bàbá wa àgbà, gbogbo rẹ̀ ló sì bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fà á: "Tac H.Q.", ìgékúrú "Tactical Headquarters" lédè Gẹ̀ẹ́sì ológun.

Bàbá wà lára Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wọ àfonífojì Kaladan ní Bóómà ní 1944, tí àwọn alárùú ń ru ẹrù lórí tẹ̀lé wọn nínú igbó. Bàbá fi Gẹ̀ẹ́sì sójà kọ ìrírí wọn sínú ìwé kékeré kan, ẹbí wá ní kí n tú u sí Yorùbá. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni, kò le.

Àfi "Tac" yìí. Bàbá kọ ọ́ pé àwọn gbé wáyálẹ́ẹ̀sì lọ sí "Tac". Mo rò pé ìlú ni! Òru méjì ni mo fi wá a lórí máàpù Bóómà. Nígbà tí mo rí "H.Q." lẹ́yìn rẹ̀ lójú ewé mìíràn, mo kọ "olú-iléeṣẹ́ ológun", mo gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.

Bàbá kékeré mi, sójà fẹ̀yìntì, kà á, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀fíìsì wo ni bàbá mi jókòó sí nínú igbó yẹn?"

Wọ́n to ìdérí ìgò mẹ́ta sórí tábìlì. Èyí tó wà níwájú ni Tac: ọ̀gágun fúnra rẹ̀, ọ̀gá díẹ̀, ẹ̀ṣọ́ àti wáyálẹ́ẹ̀sì. Kékeré ni, kó lè yára ṣí. Ìkejì ni Main, níbi tí wọ́n ti ń ṣètò ogun. Ìkẹta ni Rear: oúnjẹ, owó oṣù, ẹrù. Inú ọkọ̀ ni Montgomery, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ń gbé ní Tac tirẹ̀. Ibẹ̀, ní Lüneburg Heath ní Jámánì, ni àwọn ọ̀gágun Jámánì ti wá túúbá fún un ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, 1945.

Mo ní kí n pè é ní "ibùdó". Wọ́n tún kọ̀. Ibùdó Kírìjì ńkọ́, tí gbogbo ọmọ ogun Ìbàdàn kọ́lé sí, tí Ààrẹ Látòósà kú sí ní 1885? Ìyẹn kọ́ ni ohun tó ń ṣí láàárọ̀, tó tún ń ṣí lálẹ́. A jà á títí ilẹ̀ fi ṣú kí n tó rí i: "àgọ́ ọ̀gágun níwájú ogun". Wọ́n dákẹ́, wọ́n mi orí. Orí mi wú, n kò purọ́. "Ibùdó" wá di ti Main.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ túwèé ogun, ẹ wá sójà kan kà á kí ẹ tó sanwó. Atẹ̀wé kò yọ kọ́bọ̀ nínú owó ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹlẹ́pà àdúgbò wa ló ń fi ti àkọ́kọ́ wé ẹ̀pà báyìí.