Bí mo ṣe dín ariwo atẹ́gùn inú hẹ́límẹ́ẹ̀tì mi kù lójú ọ̀nà Òmù-Àrán

Ẹ̀yin tẹ́ẹ máa ń gun máṣíìnì kọjá ìgboro, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí kí n tó sọ ohun tí mo ṣe: ariwo tó máa ń di etí yín tẹ́ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ yẹn, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló ń fà á, atẹ́gùn ni. Nínú ìgboro Ìlọrin, ká ní láti Tánkẹ́ lọ sí Pọ́ọ̀sì Ọ́fíìsì, ẹ́ńjìnnì àti họ́ọ̀nù la ń gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ tí spíìdì bá ti kọjá nǹkan bíi 60 sí 65 kìlómítà ní wákàtí, atẹ́gùn á bo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀, kò sí sàlẹ́ńsà tẹ́ẹ lè rà tó máa yanjú ẹ̀.

Iṣẹ́ sólà àti ínfátà ni mò ń ṣe. Ìlọrin ni mò ń gbé, àwọn kọ́sítọ́mà mi sì pọ̀ ní Òró, ní Òmù-Àrán, títí dé Ọ̀fà, nítorí náà ọ̀nà Gáréèjì Ọ̀fà, Gànmọ̀, Ìdòfìàn, Àjàṣẹ́-Ìpo yẹn, mo mọ kòtò inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Máṣíìnì 150 ni mò ń gùn, 80 ni mo sì sábà máa ń sá tí ojú ọ̀nà bá dáa. Tí mo bá fi máa dé ibi iṣẹ́, etí mi á ti máa hó, ọrùn á ti le, oníbàárà á sọ̀rọ̀ n ó ní kó tún un sọ. Kì í sì í ṣe ariwo nìkan, orí fúnra ẹ̀ á máa gbọ̀n nínú hẹ́límẹ́ẹ̀tì, bíi pé ẹnì kan jókòó sẹ́yìn mi tó ń fọwọ́ gbá a lọ́tùn-ún gbá a lósì, débi pé nọ́ńbà ara mọ́tò tó wà níwájú mi kò ní hàn dáadáa mọ́. Ìyẹn gan-an léwu, torí ẹni tí ojú ẹ̀ ń gbọ̀n kò lè tètè rí kòtò.

Ọ̀rọ̀ etí yẹn ló jẹ́ kí n gbájú mọ́ ọn. NIOSH, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ìlera òṣìṣẹ́, sọ pé ariwo 85 dẹ̀síbẹ̀lì (ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó) ni kéèyàn má kọjá fún wákàtí 8 lóòjọ́, tí ariwo bá sì ti fi 3 lé sí i, kí àsìkò dín sí ìdajì. Ìyẹn ni pé 88, wákàtí 4. 91, wákàtí 2. 94, wákàtí 1. Tó bá wá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré. Inú hẹ́límẹ́ẹ̀tì lásán ní 100 kìlómítà ní wákàtí lè kọjá 95 dáadáa, ní 80 tèmi yẹn ó lè wà ní àyíká 90. Òmù-Àrán ní àlọ àti àbọ̀ sì ju wákàtí 2 lọ, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Àwọn irun tín-ín-rín inú etí lọ́hùn-ún tó ń gbọ́ràn fún wa, tí wọ́n bá ti kú wọn kì í hù mọ́, kò sí oògùn ẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́ ẹ̀. Bó ṣe ń rọra lọ ló burú níbẹ̀, èèyàn ò ní mọ̀ títí tí kò fi ní gbọ́ ohun tí ọmọ ẹ̀ ń sọ nínú ilé.

Kí n tó ná kọ́bọ̀ kankan, mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ ibi tí atẹ́gùn yẹn ti ń wọlé. Àárọ̀ Sunday ni mo yàn, torí ọ̀nà máa ń dá, mo wá ibi tó gùn tó tẹ́jú lẹ́yìn Ìdòfìàn, kò sí mọ́tò níwájú, kò sí lẹ́yìn. Mo sá 70, mo rọra dìde dúró lórí pẹ́dà, orí mi yọ sókè kọjá ibi tó máa ń wà. Ariwo yẹn lọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀! Atẹ́gùn ń fẹ́ mi láyà gidi, àmọ́ ó ń fẹ́ geere, orí mi ò gbọ̀n rárá. Mo jókòó padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo wá tẹ̀ ba, àgbọ̀n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táǹkì, ó tún dákẹ́. Ibi tí mo máa ń jókòó sí gan-an wá ni ibi tó burú jù. Ẹ má dán èyí wò láàárín mọ́tò o, ẹ má sì ṣe é tí ojú ọ̀nà bá ní iyanrìn.

Wíńsíkíríìnì kékeré tí mo fi sí iwájú máṣíìnì ló fa èyí tó pọ̀ jù. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé: atẹ́gùn á gba orí wíńsíkíríìnì kọjá, ẹ̀yìn rẹ̀ á wá ṣófo, atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ àti ti ìsàlẹ̀ á sáré wọ inú òfìfo yẹn, wọ́n á lọ́ mọ́ra wọn, wọ́n á máa yí po, ibi tí gbogbo ẹ̀ á sì ti tú jáde ni etí òkè wíńsíkíríìnì, ọ̀gangan hẹ́límẹ́ẹ̀tì mi. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ geere kì í pariwo tó èyí tó ti dàrú. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì tí kò ní wíńsíkíríìnì rárá fi máa ń gbádùn ju ẹni tó ní in lọ. Mo so òwú pupa ṣóńṣó ṣóńṣó mọ́ etí òkè ẹ̀, àbúrò mi gun tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹni tó gbé sẹ́yìn fi fóònù ká fídíò ẹ̀. Àwọn òwú ẹ̀gbẹ́ nà tọ́ọ́rọ́ sẹ́yìn, ti àárín ń ta sókè ta sódò, àwọn míì tiẹ̀ kọjú padà síwájú. Òun gan-an nìyẹn.

Mo gbé e lọ bá Àáfà mẹkáníìkì mi ní Gáréèjì Ọ̀fà. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká wá èyí tó ga fún yín, kó bo orí yín pátápátá." Mo ní, "Àáfà, tó bá ga tó bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀ ni màá máa wò, tí òjò bá wá rọ̀ lálẹ́ ńkọ́, tí iná tírélà bá tàn sí i?" Wọ́n ní òótọ́ ni. Rọ́bà wíńsíkíríìnì tó ti ha kì í jẹ́ kéèyàn ríran tí iná bá kọlù ú, mi ò sì gbà á nímọ̀ràn fún ẹnikẹ́ni lọ́nà wa yìí.

A kọ́kọ́ tú u kúrò pátá. Mo gùn ún lọ sí Àjàṣẹ́ bẹ́ẹ̀, orí mi ò gbọ̀n mọ́, ariwo dín, àmọ́ gbogbo agbára atẹ́gùn wá sí àyà mi, apá ń ro mí torí mo ń fà mọ́ hándù kí n má bàa ṣubú sẹ́yìn. Mo padà wá, mo ní ká dá a padà, ṣùgbọ́n kí ó má lẹ̀ mọ́ iná iwájú mọ́. Àáfà gé rọ́bà líle sí kéékèèké, wọ́n fi sáàárín wíńsíkíríìnì àti ibi tí wọ́n ti ń dè é, wọ́n wá bọ́ọ̀tù tó gùn díẹ̀ sí i, àlàfo bí ìka méjì wá wà nísàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n sì tẹ orí ẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Àlàfo yẹn ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn gba abẹ́ wọlé sí ẹ̀yìn ẹ̀, òfìfo yẹn ò ní pọ̀ mọ́, èyí tó ń yí po á dín. Tí mo bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo ṣe sí máṣíìnì yẹn, àlàfo ìka méjì yìí ni, kò sì ná mi ju owó bọ́ọ̀tù àti owó iṣẹ́ lọ. Ìgbọ̀n orí yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Mo tún fi kún un. Mo gé ike kẹ́ẹ̀gì òróró ọlọ́yẹ́lò yẹn, fífẹ̀ ẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, mo fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí òkè wíńsíkíríìnì kó lè ju atẹ́gùn sókè díẹ̀ sí i. Mo gbé e ga, mo gbé e wálẹ̀, mo dáwọ́ dúró níbi tí ó ti ń kọjá lókè hẹ́límẹ́ẹ̀tì mi tí ojú mi ṣì ń wo títì láì gba inú ike. Ìgbà tó dá mi lójú la tó lu ihò. Ẹ má lu ihò kẹ́ẹ tó fi tépù dán an wò, torí ẹni tó ga jù mí lọ, ibi tó máa bá tiẹ̀ yàtọ̀.

Ó wá ku hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Láti January 2009 tí FRSC ti ní dandan ni kí gbogbo ọlọ́kadà máa dé e, ọ̀pọ̀ wa nítorí ródù séfítì la ṣe ń dé e, a kì í bèèrè bóyá ó bá orí wa mu. Tó bá tóbi, atẹ́gùn á gba abẹ́ àgbọ̀n wọlé, á máa hó nínú ẹ̀, tí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀ (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́) á fò kúrò lórí. Bẹ́ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ dé e, ẹ de okùn ẹ̀, ẹ mi orí yín, awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ẹ wá fọwọ́ tì í láti ẹ̀yìn síwájú, kò gbọ́dọ̀ ṣí kúrò. Èyí tí mò ń dé tẹ́lẹ̀ jẹ́ irú èyí tí kò bo àgbọ̀n, mo fi sílẹ̀, mo ra èyí tó bo gbogbo ojú, tó ní lẹ́tà E nínú òbìrí lára àmì tí wọ́n rán mọ́ okùn ẹ̀, ìyẹn àmì pé wọ́n ti dán an wò. Owó ẹ̀ wúwo, mi ò purọ́, ṣùgbọ́n orí ni.

Síbẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ fún mi. Mo gbé aṣọ inú ẹ̀ lọ fún àwọn tó ń rán ìjókòó mọ́tò, wọ́n fi fóòmù pẹlẹbẹ kún ibi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ o: fóòmù funfun líle tó wà lẹ́yìn aṣọ yẹn, èyí tó dà bíi ti páálí tẹlifíṣọ̀n, ẹ má gé e, ẹ má fá a, ẹ má tẹ̀ ẹ́ wọnú. Òun ló ń gba agbára ìkọlù kó tó dé agbárí, aṣọ àti fóòmù rírọ̀ nìkan lẹ lè fọwọ́ kàn.

Àwọn tó ń rán ìjókòó yẹn náà ló bá mi gé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dí abẹ́ àgbọ̀n, a kì í sínú etí ìsàlẹ̀ hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Abẹ́ ni ariwo ti ń wọlé jù lára hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ní ọrùn àti ní àgbọ̀n, torí náà mo tún máa ń wé súkáàfù sọ́rùn, mo máa ń fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì dé òkè, torí jákẹ́ẹ̀tì tó ń lù pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ náà ariwo ni. Nígbà ọyẹ́ súkáàfù yẹn tún ń gba eruku. Aléébù ẹ̀ ni pé láàárọ̀ tó bá tutù, èémí á bo gíláàsì ojú, nígbà náà màá ṣí ihò atẹ́gùn iwájú díẹ̀. Gíláàsì ojú fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ pa dé pátápátá, bó bá ṣí bíi gígùn èékánná, á máa súfèé. Mo fi tépù dí àwọn ihò òkè orí lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó mọ èyí tó ń súfèé lára tèmi. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, ariwo ò tán, kò lè tán. Fóòmù etí ló parí ẹ̀. Àwọn kékeré aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìlọta náà máa ń lò ó. Tẹ́ẹ bá kì í dáadáa, ó lè mú bíi 20 dẹ̀síbẹ̀lì kúrò, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó lè ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń fi há ẹnu etí ni. Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ fi ìka yí i títí á fi tín-ín-rín, ẹ fi ọwọ́ kejì gba ẹ̀yìn orí fa etí sókè sẹ́yìn kí ihò ẹ̀ lè tọ́, ẹ kì í wọlé, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 títí á fi wú padà. Òwú tí wọ́n fi ń nu egbò kò ṣe iṣẹ́ yìí rárá.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ tako ó. "Baba Àyọ̀, ṣẹ́ẹ máa gbọ́ họ́ọ̀nù báyìí?" Ìbéèrè tó dáa ni. Ohun tí mo rí ni pé ní 80, atẹ́gùn ló ń bo họ́ọ̀nù mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, fóòmù yẹn wá dín méjèèjì kù pa pọ̀, họ́ọ̀nù tírélà sì ń yọ kedere láàárín ẹ̀ torí etí mi ò rẹ̀. Tí mo bá ti ń wọ ìgboro, bíi Gànmọ̀ báyìí, màá dúró, màá yọ ọ́, torí níbẹ̀ mo nílò láti gbọ́ ẹni tó ń pè mí àti ọmọ tó ń sáré. Ẹ má sì fi íàpíìsì orin rọ́pò ẹ̀ o. Ẹni tó ń gbé orin ga kó lè borí atẹ́gùn, ariwo lórí ariwo ló ń kó sétí.

Spíìdì náà wà níbẹ̀. Tẹ́ẹ bá kúrò ní 80 sí 65, agbára tí atẹ́gùn fi ń tì yín á dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, torí kì í bá spíìdì lọ lọ́gbọọgba, ó máa ń lé sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ gan-an, apá òsì ló máa ń ti bọ̀ tí mo bá ń lọ sí Òmù-Àrán, 65 ni mo máa ń rìn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì pẹ́ mi tó bí mo ṣe rò.

Èyí tí wíńsíkíríìnì àti hẹ́límẹ́ẹ̀tì ò lè bá mi ṣe ni atẹ́gùn tírélà. Ẹ̀yìn tírélà, gbogbo atẹ́gùn ibẹ̀ ti dàrú kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni, nítorí náà mo máa ń fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀, mi ò kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tó bá sì ń bọ̀ wá pàdé mi, á kọ́kọ́ tì mí sọ́wọ́ igbó, tó bá kọjá tán á wá fà mí padà sójú títì. Mo máa ń rọ apá mi kí n má di hándù pinpin, mo máa ń súnmọ́ ọwọ́ ọ̀tún díẹ̀ kó tó dé, mo sì máa ń ti orúnkún mọ́ táǹkì, lẹ́yìn ìyẹn màá máa lọ.